Ọmọ Odídẹrẹ́ Tó Ń Jẹun Lọ́wọ́ Ènìyàn

Ọmọ odídẹrẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú ẹyin kò jọ ẹyẹ rárá. Ojú rẹ̀ dì pa, ara rẹ̀ pupa, ìhùùhù tó wà lára rẹ̀ kò tó nǹkan, orí rẹ̀ sì wúwo ju ohun tí ọrùn rẹ̀ lè gbé lọ. Bí wọ́n bá gbé e lé òṣùwọ̀n, ó máa ń wà láàárín gíráàmù 12 sí 15. Ẹyẹ yìí kan náà ni yóò wọn nǹkan bíi gíráàmù 400 sí 500 tó bá dàgbà, tí yóò máa fi àgógó fọ́ ohun líle, tí yóò sì máa sín ohùn ènìyàn jẹ. Láti ìgbà tó wà ní ìhòòhò yẹn títí di ọjọ́ tó máa kọ́kọ́ fò, kò ju nǹkan bí oṣù mẹ́ta lọ. Ohun tó bá jẹ láàárín oṣù mẹ́ta náà, bó ṣe jẹ ẹ́, àti ọwọ́ ẹni tó ti jẹ ẹ́, ló máa pinnu irú ẹyẹ tó máa jẹ́ fún ogójì ọdún tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nínú igbó, àwọn òbí rẹ̀ ti mọ iṣẹ́ wọn. Abo a máa yé ẹyin mẹ́ta sí márùn-ún sínú ihò igi gíga, a sì sàba lé wọn fún nǹkan bí ọjọ́ 28 sí 30. Akọ ló ń wá oúnjẹ. Bó bá dé, á bi oúnjẹ tó ti rọ̀ ní ọ̀fun rẹ̀ sẹ́nu abo, abo náà á wá bì í sẹ́nu ọmọ. Oúnjẹ náà rọ̀, ó mọ́, ìgbóná rẹ̀ sì bá ti ara ẹyẹ mu. Kò sí ẹni tó ń wọ̀n ọ́n, kò sí ẹni tó ń wo aago. Ẹni tó bá gbà láti fọwọ́ bọ́ ọmọ odídẹrẹ́ ti gbà láti fi òṣùwọ̀n, aago àti ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná ṣe ohun tí ẹyẹ méjì ń ṣe láìronú.

Oríṣiríṣi ọ̀nà ni ọmọ odídẹrẹ́ ń gbà bọ́ sọ́wọ́ ènìyàn. Ti òmíràn, igi tí ìtẹ́ rẹ̀ wà ni wọ́n gé lulẹ̀ fún pákó. Ti òmíràn, ìyá rẹ̀ ló kú, tàbí kí ó kọ̀ láti fún un lóúnjẹ, nítorí àwọn ẹyẹ tí wọ́n ń sìn nínú àgò a máa ṣe bẹ́ẹ̀, pàápàá tó bá jẹ́ ọmọ àkọ́kọ́ tí wọ́n bí. Àwọn kan sì wà tí àwọn agbófinró gbà lọ́wọ́ àwọn tó ń fi wọ́n ṣòwò. Ilé ìtọ́jú ẹranko igbó tó wà ní Limbe ní Kamẹrúùnù ti gba odídẹrẹ́ tó lé ní 1,000 báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wọn láti pápákọ̀ òfuurufú Douala, tí wọ́n ti gé ìyẹ́ apá wọn, tí àtè sì ti lẹ̀ mọ́ ara wọn. Bẹ́ẹ̀ náà ni àwọn olùsìn ẹyẹ wà, pàápàá ní Gúúsù Áfíríkà tó ń kó odídẹrẹ́ tí wọ́n bí nínú àgò ránṣẹ́ sí òkè òkun ju orílẹ̀-èdè èyíkéyìí lọ. Àwọn mìíràn nínú irú àwọn olùsìn bẹ́ẹ̀ a máa mọ̀ọ́mọ̀ mú ọmọ kúrò lábẹ́ ìyá rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kejì tàbí ìkẹta, kí ojú rẹ̀ lè mọ́ ènìyàn, kí ó sì tà wàràwàrà. Bí wọ́n ṣe ń bọ́ gbogbo wọn kò yàtọ̀ síra. Ìdí tí wọ́n fi ń bọ́ wọn ló yàtọ̀, ìyàtọ̀ náà sì ṣe pàtàkì, gẹ́gẹ́ bí a ó ṣe rí i níwájú.

Ooru ló ṣáájú oúnjẹ. Ọmọ odídẹrẹ́ tí kò tíì hu ìyẹ́ kò lè mú ara rẹ̀ gbóná, bí ara rẹ̀ bá sì tutù, oúnjẹ tí wọ́n bá fún un kò ní lọ. Ńṣe ni yóò dúró sínú àpò oúnjẹ tó wà ní ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀, tí yóò sì kan síbẹ̀. Irú ikú tó ń pa ọmọ ẹyẹ tí aláàánú gbé wálé láti ẹ̀bá ọ̀nà nìyí: wọ́n á rò pé ebi ló ń pa á, wọ́n á sáré fi oúnjẹ sí i lẹ́nu nígbà tí ara rẹ̀ ṣì tutù nini. Ohun tó yẹ ni pé kí wọ́n kọ́kọ́ mú ara rẹ̀ móoru. Bí awọ ara rẹ̀ bá ti hun, tó sì gbẹ, omi ORS tí wọ́n ń tà ní ilé oògùn, tí wọ́n mú lọ́ wọ́ọ́rọ́, ni wọ́n máa kọ́kọ́ fún un díẹ̀díẹ̀ kí ó tó kan oúnjẹ gidi.

Àpótí olóoru ni ilé rẹ̀ àkọ́kọ́. Fún ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, ooru inú àpótí náà gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 36°C. Bí ìhùùhù bá ti bo ara rẹ̀, wọ́n lè sọ ọ́ kalẹ̀ sí nǹkan bíi 32°C. Bí ìyẹ́ gidi bá ń yọ, 27°C ti tó. Tó bá sì ti hu ìyẹ́ tán, ooru inú yàrá ní ilẹ̀ wa tó o. Ṣùgbọ́n ara ẹyẹ ni olùtọ́jú tó gbọ́n ń kà ju ẹ̀rọ lọ. Ọmọ tí òtútù ń mú á ká jọ, á máa gbọ̀n, á sì máa ké láìdákẹ́. Èyí tí ooru pọ̀ jù fún á ya apá sílẹ̀, á la ẹnu, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, awọ ara rẹ̀ á sì pọ́n ju bó ṣe yẹ lọ. Ní ibi tí iná ọba ti lè lọ nígbàkigbà, kí ìgò tí wọ́n rọ omi gbígbóná sí, tí wọ́n sì fi aṣọ wé, máa wà nítòsí. Wákàtí díẹ̀ nínú òtútù lóru lè ba iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́ta jẹ́.

Ohun tí wọ́n tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ náà kò gbọdọ̀ jẹ́ ohun tó ń yọ̀. Lórí ìwé ìròyìn tàbí ike dídán, ẹsẹ̀ ọmọ á máa yà sọ́tùn-ún sósì, egungun rẹ̀ á sì le bẹ́ẹ̀. Abọ́ tó jinlẹ̀ díẹ̀, tí wọ́n tẹ́ aṣọ àti tíṣù sí, ló máa ń mú kí ẹsẹ̀ rẹ̀ wà lábẹ́ ara. Bí ọmọ méjì bá wà, kí wọ́n wà pa pọ̀ nínú abọ́ kan.

Ní ti oúnjẹ, ìyẹ̀fun tí wọ́n dìídì ṣe fún ọmọ ẹyẹ ló dára jù. Ilé iṣẹ́ bíi Kaytee ní Amẹ́ríkà àti Versele-Laga ní Bẹ́líjíọ̀mù ń ṣe irú rẹ̀, wọ́n sì ti fi purotéènì, ọ̀rá, kálísíọ̀mù àti fítámì sí i ní ìwọ̀n tó bá ọmọ ẹyẹ mu. Ògì nìkan kò lè tọ́ ọmọ odídẹrẹ́ dàgbà. Inú rẹ̀ á kún, ṣùgbọ́n egungun rẹ̀ kò ní le. Odídẹrẹ́ wà lára àwọn ẹyẹ tí àìtó kálísíọ̀mù tètè ń bá jà: ẹsẹ̀ ọmọ á wọ́, egungun apá á tẹ̀, nígbà mìíràn gìrì á gbé e. Wàrà màlúù kò tún bá a mu, nítorí ẹyẹ kì í mu ọmú, inú rẹ̀ kò sì lè da ṣúgà tó wà nínú wàrà.

Omi tí wọ́n ti sè, tí wọ́n sì jẹ́ kó rọlẹ̀, ni wọ́n fi ń po ìyẹ̀fun náà. Ní ọjọ́ méjì sí mẹ́ta àkọ́kọ́, ó gbọ́dọ̀ ṣàn gan-an. Lẹ́yìn náà, wọ́n á máa mú un ki díẹ̀díẹ̀ títí yóò fi rí bí ẹ̀kọ mímu tí wọ́n ń fún ọmọ tó ń já lẹ́nu ọmú. Tó bá ki jù, omi ara ọmọ á gbẹ, oúnjẹ á sì dì sí i lọ́rùn. Tó bá ṣàn jù fún ọmọ tó ti dàgbà díẹ̀, omi lásán ló ń kún inú rẹ̀, kò sì ní sanra.

Ìgbóná oúnjẹ ni kò gba àṣìṣe. Láàárín 39°C sí 40°C ló yẹ kó wà nígbà tó bá dé ẹnu ọmọ. Bó bá lọ sílẹ̀ ju 38°C lọ, ọmọ lè kọ̀ ọ́, tàbí kí àpò ọrùn rẹ̀ má ṣiṣẹ́ dáadáa mọ́. Bó bá sì kọjá 43°C, ó ń jó o nínú. Jíjó yìí kì í hàn lọ́jọ́ náà. Ọmọ á jẹun, á sùn, gbogbo nǹkan á dà bíi pé ó wà ní àlàáfíà. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan ni awọ ọrùn rẹ̀ á dúdú, á le, á sì lu, oúnjẹ tó bá jẹ á wá máa jò jáde láti àyà rẹ̀. Iṣẹ́ abẹ lọ́dọ̀ dókítà ẹranko ló kù. Ìdí nìyí tí ìka ọwọ́ kò fi tó láti fi mọ ìgbóná oúnjẹ, tí máíkírówéèfù sì fi léwu: etí abọ́ lè lọ́ wọ́ọ́rọ́ nígbà tí àárín rẹ̀ ń hó. Ẹ̀rọ tó ń wọn ìgbóná kò wọ́n púpọ̀. Kí wọ́n ro oúnjẹ náà dáadáa, kí wọ́n ti ẹ̀rọ bọ inú rẹ̀, kí wọ́n sì gbé abọ́ náà lé inú omi gbígbóná kí ó má bàa tutù kí ọmọ tó jẹ tán.

Ẹ wo bí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà ṣe ń ṣe é ní òwúrọ̀. Ó ti fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ọṣẹ. Kí ó tó fún ọmọ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó wà níwájú rẹ̀ ní ohunkóhun, ó gbé e lé òṣùwọ̀n, ó sì kọ iye rẹ̀ sínú ìwé: gíráàmù 200. Ó fi ìka tẹ ìsàlẹ̀ ọrùn rẹ̀ pẹ̀lẹ́. Àpò náà ti ṣófo pátápátá, ó rọ̀ pẹlẹbẹ. Ó tẹ́ táwẹ́ẹ̀lì sórí tábìlì, ó gbé ọmọ náà dúró lé e, ó fi àtàǹpàkò àti ìka kan di ẹ̀gbẹ́ orí rẹ̀ méjèèjì mú wẹ́rẹ́, ó sì fi ìyókù ọwọ́ gbá a lẹ́yìn. Síbí tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ kejì, ó ti tẹ etí rẹ̀ wọlé ní ọ̀tún àti òsì kí oúnjẹ lè máa gba àárín. Ó fi ẹnu síbí náà kan igun àgógó. Kíá, ọmọ náà bẹ̀rẹ̀ sí í mi orí sókè sódò gbì, gbì, gbì, ó ń ké, ó ń fi gbogbo ara ti ara rẹ̀ síwájú.

Orí mímì yìí ni àṣẹ. Níwọ̀n ìgbà tí ọmọ bá ń mi orí bẹ́ẹ̀, ihò èémí rẹ̀ pa dé, ọ̀nà oúnjẹ ló ṣí sílẹ̀. Bó bá dáwọ́ dúró, ọwọ́ tó ń bọ́ ọ gbọ́dọ̀ dáwọ́ dúró pẹ̀lú rẹ̀, ì báà jẹ́ ìdajì abọ́ ló ṣẹ́ kù. Ẹni tó bá ń lo sírínjì gbọ́dọ̀ fi í sí apá òsì ẹnu ọmọ, kí ó kọjú rẹ̀ sí apá ọ̀tún, nítorí apá ọ̀tún ọrùn ni ọ̀fun ẹyẹ gbà lọ. Ihò èémí wà ní àárín, lẹ́yìn ahọ́n. Oúnjẹ tó bá ṣìnà gba ibẹ̀ á bọ́ sínú ẹ̀dọ̀fóró, ọmọ náà sì lè kú lójú ẹsẹ̀, tàbí kí òtútù àyà pa á lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀. Bí oúnjẹ bá yọ ní ihò imú rẹ̀, tàbí bí èémí rẹ̀ bá ń dún bí omi, kí wọ́n má fún un ní nǹkan kan mọ́, kí wọ́n gbé e lọ bá dókítà. Sírínjì yá, ó sì rọrùn fún ẹni tó ní ọmọ ẹyẹ púpọ̀ láti bọ́. Fún ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ iṣẹ́ yìí, síbí ló dára jù, nítorí ọmọ fúnra rẹ̀ ló ń pinnu bó ṣe máa yára gbé e mì.

Ọmọ tó wọn gíráàmù 200 yẹn á gba nǹkan bíi mìlílítà 20 lẹ́ẹ̀kan, ìyẹn ìdá kan nínú mẹ́wàá ìwọ̀n ara rẹ̀. Àpò ọrùn rẹ̀ á yọ rọ̀gbọ̀dọ̀, kò sì gbọdọ̀ le gan-an. Lẹ́yìn náà, olùtọ́jú á fi aṣọ tó tutù díẹ̀ nu àgógó rẹ̀ nínú àti lóde. Oúnjẹ tó bá gbẹ mọ́ ibẹ̀ a máa fa èèhù, a sì máa mú kí àgógó tó ń dàgbà wọ́. Oúnjẹ tó ṣẹ́ kù, dídà ni. Kò sí pé kí wọ́n gbé e sínú fíríìjì di ìrọ̀lẹ́. Síbí àti sírínjì á lọ sínú omi gbígbóná, bí ọmọ méjì bá sì wà, kálukú ló ní tirẹ̀.

Iye ìgbà tí wọ́n máa bọ́ ọ ń dín kù bó ṣe ń dàgbà. Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ wákàtí méjì méjì, títí kan òru. Tó bá tó ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ojú rẹ̀ á ti là, wákàtí mẹ́rin mẹ́rin á sì tó, olùtọ́jú á sì lè sùn lóru. Nígbà tí ìyẹ́ bá ti bo ara rẹ̀, ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, lẹ́yìn náà ẹ̀ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kan láàárín òru àti ọ̀sán, àpò ọrùn rẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣófo tán. Bí olùtọ́jú bá jí láàárọ̀ tó bá oúnjẹ alẹ́ àná níbẹ̀, kí ó má dà tuntun lé e lórí. Ó lè jẹ́ pé òtútù mú un, ó lè jẹ́ pé oúnjẹ ki jù, ó lè jẹ́ àìsàn. Bí ẹnu rẹ̀ bá ń rùn kíkan, ó ti pẹ́ tó yẹ kí wọ́n ti wà lọ́nà ilé ìwòsàn ẹranko.

Ìwé tí wọ́n ń kọ ìwọ̀n sí láràárọ̀ yìí ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ṣe rò lọ. Ọmọ odídẹrẹ́ tó ń ṣàìsàn kì í fi hàn títí ó fi máa fẹ́rẹ̀ẹ́ bọ́. Òṣùwọ̀n ló ń kọ́kọ́ sọ. Ọmọ tí kò tíì pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún, tí kò fi gíráàmù kan kún ara rẹ̀ láàárín ọjọ́ kan, ti ń sọ fún olùtọ́jú rẹ̀ pé nǹkan kan ò dáa.

Ohun kan wà tó léwu ju ebi lọ, tí òṣùwọ̀n kò lè fi hàn. Ọmọ ẹyẹ a máa kọ́ irú ẹ̀dá tí òun jẹ́ láti ara ẹni tó ń bọ́ ọ. Ẹ̀rí rẹ̀ tó lókìkí jù wà ní New Zealand, níbi tí wọ́n ti ń gba ẹyẹ kan tí wọ́n ń pè ní kākāpō lọ́wọ́ ìparun. Ìbátan odídẹrẹ́ ni, ó tóbi, kò lè fò, iye tó ṣẹ́ kù láyé ní 1995 kò sì ju 51 lọ. Ní 1997, wọ́n gbé ọmọ kan tí wọ́n sọ ní Sirocco kúrò nínú ìtẹ́ nítorí pé èémí rẹ̀ kò já gaara, wọ́n sì fọwọ́ bọ́ ọ lóun nìkan. Sirocco yè, ó dàgbà, ṣùgbọ́n ènìyàn ló gbà pé òun jẹ́. Kò wá abo kākāpō rárá. Ní 2009, níwájú ẹ̀rọ ayàwòrán BBC, ó gun orí onímọ̀ ẹranko kan, Mark Carwardine, ó sì fẹ́ bá a lò bí akọ ṣe ń bá abo lò. Àwọn tó ń wòran rẹ́rìn-ín. Fún ẹ̀yà tó ń wá gbogbo akọ tó lè bímọ, àdánù gidi ni. Láti ara rẹ̀ ni àwọn olùtọ́jú kākāpō ti kọ́ láti máa tọ́ àwọn ọmọ pa pọ̀, kí wọ́n máa rí ara wọn, kí wọ́n sì tètè dá wọn padà sáàárín ẹ̀yà wọn. Kākāpō ti lé ní 200 báyìí.

Odídẹrẹ́ ilẹ̀ wa kò yàtọ̀. Ìwádìí kan láti Bern ní Switzerland, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2006, wo odídẹrẹ́ tí ènìyàn tọ́ àti èyí tí òbí tọ́. Àwọn tí wọ́n mú kúrò lọ́dọ̀ òbí kí wọ́n tó pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni ìwà àìbalẹ̀-ọkàn, bíi kí ẹyẹ máa lọ síwá-sẹ́yìn lójú kan náà láìdáwọ́ dúró, pọ̀ jù lára wọn nígbà tí wọ́n dàgbà. Ní Họ́láńdì, láti 2014, òfin ti sọ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ya ọmọ ẹyẹ bí odídẹrẹ́ kúrò lọ́dọ̀ òbí rẹ̀ kí ó tó lè dá jẹun. Òfin tó dára ni. Ọmọ tí kò ní òbí mọ́, ẹ̀mí rẹ̀ ni ọwọ́ ènìyàn ń gbà là. Ọmọ tí wọ́n ja gbà lábẹ́ ìyá tó ń bọ́ ọ, ohun tó ní tẹ́lẹ̀ ni ọwọ́ náà ń gbà lọ́wọ́ rẹ̀, oúnjẹ tó dára jù lọ láyé kò sì lè san án padà. Ẹni tó bá fẹ́ odídẹrẹ́ tí kò bẹ̀rù ènìyàn lè máa lọ sẹ́bàá ìtẹ́ lójoojúmọ́, kí ó máa fi ọwọ́ kan ọmọ náà fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kí ó sì dá a padà sábẹ́ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, olùtọ́jú tó ní ọmọ aláìlóbìí lọ́wọ́ gbọ́dọ̀ tètè wá odídẹrẹ́ mìíràn fún un, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nínú àgò tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tirẹ̀ ni, kí ó lè máa gbọ́ ohùn wọn, kí ó sì máa wo bí wọ́n ṣe ń jẹun, bí wọ́n ṣe ń túnra ṣe. Ẹyẹ ọlọ́pọlọ ni. Alex, odídẹrẹ́ tí onímọ̀ Irene Pepperberg rà ní ilé ìtajà kan ní Chicago ní 1977, kọ́ orúkọ àwọ̀, ó mọ ìrísí nǹkan, ó sì lè ka nǹkan dé mẹ́fà kí ó tó kú ní 2007. Irú ọpọlọ bẹ́ẹ̀ kò ṣeé tì mọ́nú àpótí láìsí ẹlẹgbẹ́. Odídẹrẹ́ tó bá ń dá wà a máa fa ìyẹ́ ara rẹ̀ tu títí àyà rẹ̀ á fi pá.

Ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá sí méjìlá, ara rẹ̀ ti di eérú, ìdí rẹ̀ ti pupa, ojú rẹ̀ sì ṣì dúdú. Ó máa tó ọdún kan sí méjì kí ojú náà tó di àwọ̀ ìyeyè bíi ti àgbà. Ìgbà yìí ló máa bẹ̀rẹ̀ sí í kọ síbí. Á gbọn orí, á tu oúnjẹ dànù, ìwọ̀n ara rẹ̀ á sì lọ sílẹ̀ díẹ̀. Àyà olùtọ́jú a máa já níbí, ṣùgbọ́n ara tó ń múra láti fò ló ń fúyẹ́. Kí wọ́n gbé oúnjẹ tó rọ̀ síwájú rẹ̀ kí ó máa fi ṣeré: àgbàdo bíbọ̀, ẹ̀wà tó jinná, ìbẹ́pẹ, ẹ̀fọ́ tútù, àti ẹyìn tó pọ́n. Ẹyìn ni oúnjẹ ìbílẹ̀ rẹ̀ nínú igbó, epo pupa inú rẹ̀ ni ara ẹyẹ sì fi ń ṣe fítámì A. Àwọn tó ń sin odídẹrẹ́ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà ń wá epo pupa wa kiri láti fi sí oúnjẹ tiwọn. Píà kò gbọdọ̀ kan ẹnu rẹ̀, májèlé ni fún un, bẹ́ẹ̀ náà ni ṣokoléètì, ọtí, àti oúnjẹ oníyọ̀. Èéfín láti ara páànù tí wọ́n fi Teflon kùn, bó bá gbóná jù, lè pa á nínú yàrá tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ìdáná. Oòrùn òwúrọ̀ ṣe é lóore, òun ló ń ràn án lọ́wọ́ láti lo kálísíọ̀mù. Kí ẹnikẹ́ni má fi ipá já ọmọ gbà lẹ́nu síbí kí ó tó mọ bí a ṣe ń dá jẹun. Òmíràn á tó oṣù mẹ́rin, òmíràn á jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ẹni tó ń tọ́ ọ náà ní láti ṣọ́ ara rẹ̀. Eruku funfun kan a máa jáde lára ìyẹ́ odídẹrẹ́, kò sì bá ẹni tó ní ikọ́ fée mu. Àrùn kan wà tí wọ́n ń pè ní psittacosis, tó ń ti ara ẹyẹ ran ènìyàn: ibà, orí fífọ́, ikọ́ gbígbẹ. Ní 1929 sí 1930, ẹyẹ tí wọ́n kó wá láti Gúúsù Amẹ́ríkà tan án ká Amẹ́ríkà àti Yúróòpù, ènìyàn sì kú. Oògùn rẹ̀ wà lónìí, bí aláìsàn bá rántí sọ fún dókítà pé òun ń tọ́ ẹyẹ.

Yorùbá ti mọ ẹyẹ yìí tipẹ́. Ìkóódẹ, ìyẹ́ pupa ìdí rẹ̀, wà lára adé ọba, ó sì wà níwájú orí ìyàwó òrìṣà nílé àti ní Bàhíà ní ilẹ̀ Brazil, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní ekodidé. Wọ́n ṣì ń ṣàdúrà fún arìnrìn-àjò pé odídẹrẹ́ kì í kú sóko ìwájẹ. Ṣùgbọ́n oko ìwájẹ gan-an ni àwọn apẹyẹ ń ta àtè sí, orí ọ̀pẹ tí ẹyẹ máa bà sí láti jẹ ẹyìn. Láàárín nǹkan bí ogójì ọdún, odídẹrẹ́ igbó tó lé ní mílíọ̀nù kan ni wọ́n kó jáde ní Áfíríkà. Ní Gánà, ìwádìí tó jáde ní 2016 fi hàn pé ẹyẹ náà ti dín kù ní ìdá 90 sí 99 nínú ọgọ́rùn-ún láti 1992. Ní 2016 kan náà, ní Johannesburg, àwọn orílẹ̀-èdè tó wà nínú CITES, àdéhùn tó ń ṣàkóso òwò ẹranko igbó láàárín orílẹ̀-èdè, fi odídẹrẹ́ sí ìpele ààbò tó ga jù, òfin náà sì múlẹ̀ ní oṣù Kìn-ín-ní 2017: kò sí fífi odídẹrẹ́ igbó ṣòwò láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn mọ́. Odídẹrẹ́ a máa pàrọ̀ ìyẹ́ rẹ̀ fúnra rẹ̀, ìkóódẹ tó bá bọ́ lára ẹyẹ tó ń bẹ láàyè kò sì ní ẹ̀jẹ̀ lára. Kò sí orò tó ní kí wọ́n pa igbó rẹ́ kí adé tó lè pé.

Bí ẹnì kan bá wá rí ọmọ odídẹrẹ́ lábẹ́ igi lóko, kí ó kọ́kọ́ wòkè. Bí ihò ìtẹ́ bá ṣì wà, tí àwọn òbí sì ń fò kiri nítòsí, ibẹ̀ ni kí wọ́n dá a padà sí. Kò sí òótọ́ nínú ohun tí wọ́n máa ń sọ pé ìyá ẹyẹ á kọ ọmọ tí ọwọ́ ènìyàn bá ti kàn. Bí igi náà bá ti wó, tí kò sì sí òbí, kí wọ́n gbé e sínú páálí tí wọ́n tẹ́ aṣọ sí, pẹ̀lú ìgò omi gbígbóná tí wọ́n wé ní ẹ̀gbẹ́ kan, kí ó lè sún mọ́ ọn tàbí kí ó sún kúrò. Kí wọ́n má fún un ní búrẹ́dì, kí wọ́n má da omi sí i lẹ́nu. Ilé ìwòsàn ẹranko ni kí wọ́n gbé e lọ lọ́jọ́ náà gan-an, irú èyí tó wà ní Yunifásítì Ìbàdàn tàbí ní yunifásítì FUNAAB ní Abẹ́òkúta. Kí wọ́n kọ orúkọ oko náà àti ọjọ́ tí wọ́n rí i sára páálí, nítorí bó bá yè, tó sì hu ìyẹ́ tán, ohun àkọ́kọ́ tí àwọn tó fẹ́ dá a padà máa béèrè ni igbó tó ti wá.